Ìwé Ẹ̀hónú Tí Wọn Kò Fún Mi

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n búra wọlé fún mi gẹ́gẹ́ bíi kánsẹ́lọ̀ ni àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa wá kí mi ní ọ́fíìsì. A ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn fún ọdún 11, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀ fún ọdún 9 nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé mi, wọ́n sì dìde láti máa lọ. Bàbá tó ṣáájú wọn, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀hónú, ti mú àpòòwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó gbé e lé orúnkún, ó tẹ́ ọwọ́ lé e, kò sì tú u títí ọ̀rọ̀ fi parí. Nígbà tí mo béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní, “Kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn náà ni. A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu.”

Ohun méjì ló gún mi lọ́kàn nínú gbólóhùn kúkurú yẹn. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ tí a jọ fi ọdún 11 ṣe gan-an ni yíyọ àwọn aláṣẹ lẹ́nu, a kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì ni “yín” tó wà níbẹ̀. Bàbá lè bí mi lọ́mọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, “ìwọ” ni wọ́n ń pè mí: “Ìwọ, ṣé o ti kọ ọjọ́ sórí ìwé yẹn?” “Ìwọ, jókòó, jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán.” Ní ọjọ́ yẹn, nínú yàrá kékeré tí orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, mo di “ẹ̀yin”. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀hónú wọn padà sílé nítorí ọ̀wọ̀ yẹn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe dé ìdí tábìlì náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àdúgbò ti ní ipò lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ariwo tó ń pa ni àkàsọ̀ tó fẹ́ fi gòkè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní tèmi, gọ́tà kan ló fà á.

Gọ́tà náà wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀ fún wákàtí kan, omi á kún un ní àkúnwọ́sílẹ̀, á ya wọ ilé mẹ́fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé tèmi náà sì wà nínú wọn, á sì gbé gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ wọ yàrá. A kọ ìwé àkọ́kọ́, a kò rí èsì. A kọ èkejì, bákan náà ni. Nígbà tí a fẹsẹ̀ ara wa lọ, òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn sọ pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan ní ọ́fíìsì wọn tó fi hàn pé omi ń ya wọ ilé ní agbègbè náà. Inú bí mi débi pé ohùn mi kò jáde mọ́. Bàbá ni inú kò bí. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n sọ fún mi pé, “Àkọsílẹ̀ ló béèrè. A ó fún un ní àkọsílẹ̀.”

Igi gbọọrọ kan ni a fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìwọ̀n ìka márùn-ún sì ló wà láàárín àmì kan sí èkejì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun èyí tó bá ẹnu ọ̀nà ilé tó rẹlẹ̀ jù lọ dọ́gba, a sì ri igi náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀, yálà lọ́sàn-án tàbí lóru, ẹnì kan nínú wa yóò jáde, yóò wo ibi tí omi dé lára igi, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, yóò sì tún máa padà lọ wò ó títí omi yóò fi fà. Ọwọ́ mi ni ìwé náà wà. Etí rẹ̀ ti ká kò, omi sì ti mú kí yíǹkì àwọn ojú ewé kan ràn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Nígbà tí ọdún kejì yóò fi parí, ọjọ́ 41 ti wà nínú rẹ̀ tí omi kọjá àmì pupa. A gbé e padà lọ síbi tí wọ́n ti lé wa. Òṣìṣẹ́ kan náà ṣí i, ó kà á ní ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn lójú wa, kò sọ̀rọ̀, ó sì dìde lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, tó sì lè gbé e kalẹ̀ láìṣe àbùmọ́, ti di ẹni tí wọn kò lè fi ọwọ́ lé dànù.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Jane Addams, ọ̀rọ̀ obìnrin náà sì wọ̀ mí lára nítorí pé pàǹtírí ló gbé e wọ iṣẹ́ ìlú. Òun àti Ellen Gates Starr ló dá Hull House, ilé ìrànwọ́ fún àwọn ará àdúgbò, sílẹ̀ ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1889, ní àdúgbò tí àwọn tálákà tó ṣí wá láti ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ sí. Wọn kì í kó pàǹtírí àdúgbò náà bó ṣe yẹ, àìsàn sì ń bá àwọn ọmọdé jà. Àwọn obìnrin Hull House pín ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láàárín ara wọn, wọ́n ń wo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín oṣù méjì péré wọ́n sì ti fi ẹ̀sùn 1,037 tó ní ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ìlú náà. Nígbà tí ìyẹn kò tíì tán ìṣòro, Addams fúnra rẹ̀ kọ̀wé láti gba iṣẹ́ kíkó pàǹtírí wọ́ọ̀dù náà. Wọ́n da ìwé rẹ̀ nù lórí ọ̀rọ̀ ìlànà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1895 olórí ìlú yàn án gẹ́gẹ́ bí alábòójútó pàǹtírí fún Wọ́ọ̀dù 19.

Àwa alágbàwí fẹ́ràn ìtàn tó bá parí síbi ìyànsípò. Èyí tó tẹ̀lé ìyànsípò Addams ló yẹ kí a máa kà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ó ń jáde láti rí i pé àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó kó pàǹtírí títí dé ibi tí wọ́n ń dà á sí. Ní òpópónà tóóró kan, nígbà tí wọ́n ro ìdọ̀tí kúrò nílẹ̀, wọ́n kan òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà, ínǹṣì 18 nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n rí i tán ni wọ́n tó bá a nínú àkọsílẹ̀ ìlú pé lóòótọ́ ni wọ́n ti tẹ́ ọ̀nà náà rí. Wọ́ọ̀dù tó wà ní ipò kẹta nínú àwọn tí ikú ti wọ́pọ̀ jù ní ìlú náà sì bọ́ sí ipò keje.

Mo máa ń ronú nípa òkúta yẹn. Ọ̀nà wà nínú ìwé, ọ̀nà wà nílẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń gbé lórí rẹ̀ kò ní ọ̀nà, títí ẹnì kan tó ní àṣẹ fi lọ dúró níbẹ̀ ní ìdájí. Ohun tí Addams gbé wọ ipò ni àṣà tó ti ní kó tó dé ipò, ìyẹn lílọ fi ojú ara ẹni rí nǹkan. Ipò ló fún àṣà yẹn ní agbára.

Nípa ìbò tèmi, n kò ní sọ púpọ̀. Kánsẹ́lọ̀ tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ padà, ẹgbẹ́ ní kí n jáde, mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ló béèrè lọ́wọ́ mi pé, bí a bá ń kọ̀wé lọ títí, ta ló wà níbẹ̀ tí yóò kà á? Mo jáde, a rìn láti ojúlé dé ojúlé, mo sì wọlé.

Ohun tí mo bá nínú ilé ìgbìmọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé. Nígbà tí mo wà níta, mo gbà pé bí ìjọba kò bá ṣe nǹkan, kò fẹ́ ṣe é ni. Mo ṣì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwé ètò ìṣúná kalẹ̀ níwájú mi, tí akọ̀wé owó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí i pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbèsè, àti iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò tíì parí ti gba apá tó pọ̀ jù lọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Èyí tó kù fún iṣẹ́ tuntun kéré, ó sì ní àsìkò tí wọ́n ń pín in. Bí àsìkò náà bá ti kọjá, kò sí ìwé ẹ̀hónú tó lè ṣí i, bó ti wù kó dára tó. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kó ẹ̀dà gbogbo ìwé tí a ti kọ jáde, mo sì tò wọ́n sílẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ìgbà tí omi bá wọlé ni a máa ń kọ̀wé, nítorí ìgbà yẹn ni inú máa ń bí wa. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ètò ìṣúná. Fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó sọ fún wa.

Ó dùn mí gan-an, ó sì ń dùn mí títí di òní. Kò yẹ kí ará ìlú di kánsẹ́lọ̀ kó tó mọ oṣù tó yẹ kó kọ̀wé. Ní Porto Alegre ní ilẹ̀ Brazil, láti ọdún 1989 ni ìgbìmọ̀ ìlú ti gbé apá kan ètò ìṣúná síwájú àwọn ará ìlú, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń jókòó, tí wọ́n ń sọ iṣẹ́ tó ká wọn lára jù, tí wọ́n sì ń yan àwọn tí yóò bá wọn tẹ̀lé e. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, agbára rẹ̀ sì ti dínkù ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọjọ́ tí wọ́n ń pín owó kì í ṣe ohun àṣírí. Ní Sweden, òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé ìjọba ti wà láti ọdún 1766. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe tí mo fi lè sọ pé mo ṣe nǹkan kan ni pé mo mú kí wọ́n lẹ àwọn ọjọ́ ètò ìṣúná mọ́ ara ògiri ìta, ní èdè tí gbogbo ènìyàn ń kà. Ìwé kan ṣoṣo ni, kò sì gba owó kankan.

Síbẹ̀, ìwé ara ògiri kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé bí wọ́n bá ti pinnu pé àwọn kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Ìyẹn ló gbé mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú mi. Wangari Maathai dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní Kenya ní ọdún 1977, ó kó àwọn obìnrin abúlé jọ láti máa gbin igi, ó sì dojú kọ ìjọba ní ọdún 1989 nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gogoro sínú ọgbà Uhuru ní Nairobi. Ó du ipò ní ọdún 1997, ó fìdí rẹmi. Ní ọdún 2002, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní agbègbè ìdìbò Tetu ló yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì di igbákejì mínísítà fún àyíká láti 2003 sí 2005. Ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà tó gbà ní 2004 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Èyí tí èmi rántí ni pé àwọn obìnrin tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò jókòó pé ìyá wọn ti di mínísítà. Wọ́n ń tọ́ irúgbìn wọn, wọ́n ń gbin igi wọn lọ.

Ti Ada Colau tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lára àwọn tó dá PAH, ẹgbẹ́ àwọn tí gbèsè ilé ń dà láàmú, sílẹ̀ ní Barcelona ní ilẹ̀ Spain ní ọdún 2009, nígbà tí báńkì ń lé àwọn tí kò lè san gbèsè ilé síta. Ní ọdún 2014 ó fi ipò agbẹnusọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní 2015 ó di olórí ìlú náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2023. Ó kọ́kọ́ fi ipò tó dì mú nínú ẹgbẹ́ sílẹ̀ kó tó wá ipò ìjọba, ẹgbẹ́ náà kò sì túká. Ó ń bá a lọ láti máa béèrè ilé fún àwọn tí kò nílé, lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú tí Colau gan-an jẹ́ olórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò lè rọrùn fún un láti gbọ́ igbe tí òun náà ti ké rí, ní ìdojúkọ ara rẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kó gbọ́ ọ.

N kò lè kọ irú nǹkan báyìí láìdárúkọ Marielle Franco. Maré, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tálákà Rio de Janeiro, ni wọ́n ti bí i, ó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún ọdún púpọ̀, àwọn tó lé ní 46,000 sì dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 2016. Wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2018. Lára àbá òfin tó fi sílẹ̀ ni èyí tó ní kí ìlú dá ibi tí wọn yóò ti máa tọ́jú ọmọdé lálẹ́ sílẹ̀, fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kàwé lóru. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ sẹ́yìn wá ẹni tí yóò bá a mú un di òwúrọ̀ rí ló lè ronú kan irú òfin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé Bàbá ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n wá kí mi, ìlànà ìjókòó ìgbìmọ̀ ni mo mú dání. Mo fi ojú ewé kan hàn wọ́n. Ó sọ pé bí ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ń jíròrò bá kan ilé tàbí owó kánsẹ́lọ̀ kan, kánsẹ́lọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó jáde kúrò nínú yàrá, kó má sì dìbò. Irú ìlànà yìí wà ní ọ̀pọ̀ ibi káàkiri ayé, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, nítorí pé èmi náà ti kọ̀wé rí láti bu ẹnu àtẹ́ lu aláṣẹ tó la ọ̀nà wọ ilé ara rẹ̀. Ilé mi ni ìkẹrin nínú àwọn ilé mẹ́fà tí omi ń wọ̀. Mo sọ fún Bàbá pé, “Ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ gọ́tà wa, èmi ni mo máa jáde. Bí ẹ̀yin bá dákẹ́ nítorí mi, kò ní sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tó mọ̀ pé igi kan wà tó ní àmì pupa.”

Wọ́n wo ojú ewé náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n béèrè pé ta ni yóò kà á. Mo ní akọ̀wé tuntun. Wọ́n ní ọmọdé ni, ohùn rẹ̀ kò tíì le. Mo ní èmi náà jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n gbé ìwé lé mi lọ́wọ́. Mo fún wọn ní ìwé omi náà, èyí tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, kí wọ́n má kọ ọ́ sí mi. Kò rọrùn fún mi láti fi ìwé yẹn sílẹ̀. Mo ti rò pé ìwé tèmi ni.

Àsìkò ètò ìṣúná tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀. Mo dìde, mo sọ pé ilé mi wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì jáde. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àwọn tó ń dúró de òṣìṣẹ́. Èmi náà ti jókòó lórí àga yẹn rí, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ilẹ̀kùn kò pa dé tán. Mo gbọ́ ohùn akọ̀wé tuntun, ó ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń ka ọjọ́, ó ń ka aago, ó ń ka iye àmì tí omi dé. Lẹ́yìn náà ohùn náà le. Ó dárúkọ mi pẹ̀lú oyè mi, ó sì sọ pé nígbà ìpolongo ìbò, mo ṣe ìlérí pé wọn yóò wọn gọ́tà náà láàárín oṣù mẹ́ta, pé oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá, wọn kò sì tíì rí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Òótọ́ ni. Ojú tì mí níbi tí mo dúró sí, ara mi sì fúyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n jáde lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bàbá ló gbẹ̀yìn, ìwé omi náà wà lábẹ́ apá wọn. Wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“O gbọ́ ohun tí a sọ?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Ọjọ́ wo ni àwọn tó ń wọnlẹ̀ máa wá? Mú bírò, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.”